Ẹnu Tí Mo Fi Kan Ọmọ Ọmọ Mi ní Glasgow

Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ̀yin ará Ìgándò ò jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, kó tó na apá pé kí n wọn òun, á ti béèrè pé, "Ìyá Ràfíátù, báwo ni ìlú òyìnbó ṣe rí?" Mo máa ń dáhùn pé òtútù ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ara mi ti ń dán bíi ti ọmọge, a ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Òtútù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí ojú mi rí ní Glasgow kọjá òtútù. Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ bí ẹ̀rù ò ṣe bà mí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ètè ara mi ló sì dẹ́rù bà mí.

Ẹ mọ egbò olómi tó máa ń yọ síni létè, èyí tá a máa ń sọ pé ibà ló já síni lẹ́nu. Kò sí agbo ilé tí kò sí. Tèmi ti ń yọ láti kékeré mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bó bá ti rẹ̀ mí jù, tàbí oòrùn pa mí, tàbí ọkàn mi ò balẹ̀, á yọ. Mo máa ń fi òrí pa á, á gbẹ, á lọ. Mi ò kà á sí àrùn rí. Ta ló tiẹ̀ ń ka irú ẹ̀ sí?

Mo wá wẹ ọmọ

Ràfíátù ni àbíkẹ́yìn mi. Òun àti Lùkúmáànù, ọkọ rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì, ló ń gbé ní Glasgow, nílẹ̀ Scotland. Nígbà tó bímọ àkọ́kọ́ ni mo gbéra.

Ọkùnrin tó yẹ ìwé ìrìnnà mi wò ní pápákọ̀ òfurufú béèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé mo wá wẹ ọmọ. Ó wojú mi, ó ní, ṣé ọmọ náà dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ ni? Nígbà tí mo ṣàlàyé pé ọmọ tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni, pé nílẹ̀ wa ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ tuntun, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìlú tó máa rọrùn fún mi nìyẹn.

Òjò ibẹ̀ kò dà bí òjò tiwa tó máa ń wọlé tọni. Ó kàn ń ṣe winniwinni látàárọ̀ dalẹ́, bí ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ilé alájà ni wọ́n ń gbé. Lórí àtẹ̀gùn, a pàdé ìyá arúgbó òyìnbó kan tó ń jẹ́ Jean, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Ó wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n fún òtútù, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bò ó, ó sì ń sọ̀rọ̀. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ kò ju "hen" lọ, mo sì mọ̀ pé adìẹ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

"Lùkúmáànù, kí ló dé tó ń pè mí ní adìẹ?"

"Bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ràn nìyẹn níbí, Màmá. Bí ìgbà téèyàn bá ní 'ìyá mi' ni."

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, Ràfíátù dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ kí n tó dé, Áíṣátù, ṣùgbọ́n oríkì tí èmi fún un ni Àṣàbí. Wọ́n gbé e lé mi lápá. Mo ṣe bísímílááhì, mo kì í, mo fẹ́ àdúà sí i lórí. Mo fi ẹnu kan iwájú orí rẹ̀, mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo fi kan ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ òsì, níbi tí ìpéǹpéjú parí sí. Ọmọ náà yán, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi sú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì

Lọ́jọ́ kejì, ètè mi ń ta mí bí ẹni pé èèrùn ń rìn níbẹ̀. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo ní ìrìn-àjò ló fà á. Nígbà tó máa di ọ̀sán, ó ti yọ.

Ọ̀sán náà ni nọ́ọ̀sì tó ń lọ káàkiri ilé àwọn abiyamọ wá wọn ọmọ. Ẹ ò rí bí obìnrin yìí ṣe mọ ìwà hù. Kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ bàtà, ó bọ́ ọ. Ó tọrọ ibi tó ti máa fọwọ́. Kó tó gbé Àṣàbí, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Àṣàbí fúnra rẹ̀. Mo ń wò ó, inú mi ń dùn. Ló bá gbójú sókè láti kí mi, ó rí ètè mi, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

Ó bá Ràfíátù sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ràfíátù yíjú sí mi.

"Màámi, ó ń béèrè bóyá ẹ ti fi ẹnu kan ọmọ."

"Ta ni kì í fi ẹnu kan ọmọ ọmọ ẹ̀?"

"Ẹ kàn dáhùn, Màámi."

"Mo ti fi kàn án. Ìwọ náà kúkú wà níbẹ̀."

Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn sọ á ti pariwo, á ti káwọ́ lérí. Ní tiẹ̀, ńṣe ló ń rẹ ohùn sílẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ẹ̀rù mi ń lọ sókè. Ó ní kòkòrò kan tí ojú ò lè rí ló ń fa egbò yẹn, hápíìsì ni wọ́n ń pè é. Ó ní lára àgbàlagbà, ètè ló sábà máa ń mọ sí, ṣùgbọ́n ara ọmọ tuntun kò tíì mọ ìjà jà. Ó lè wọ ojú ọmọ. Ó lè wọ ẹ̀dọ̀. Ó lè wọ ọpọlọ. Ràfíátù ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi léraléra, nígbà tó wá dé ibì kan, ó yíjú sí ọmọ.

"Kí ló tún sọ?" ni mo bi í.

"Ó ní ó lè pa á."

Ó pe ilé ìwòsàn níbẹ̀. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ara ọmọ ṣì dá, ká máa ṣọ́ ọ. Bí kò bá fẹ́ mu ọyàn, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bó bá ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, bí ohunkóhun bá sú sí i lára, ká má ṣe dúró rárá.

Nígbà tó ń lọ, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, pé egbò náà kò tíì yọ nígbà yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́.

Ẹni tó wá wẹ ọmọ, tí kò fọwọ́ kan ọmọ

Wọ́n fún mi ní ìbòmú. Mo ń fọwọ́ títí awọ ọwọ́ mi fi ń bó. Lùkúmáànù wá di ẹni tó ń wẹ ọmọ. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, màá máa sọ fún un pé, "Di ọrùn ẹ̀ mú. Má jẹ́ kí omi wọ etí ẹ̀." Á ní, "Mo gbọ́, Màmá." Kì í bojú wẹ̀yìn. Ọmọlúwàbí ni Lùkúmáànù, kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi rí, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fi omi gbígbóná fọ ife tí mo fi mu tíì, tó tún un fọ̀, tó wá gbé e sí ibi ọ̀tọ̀.

Mo se ọbẹ̀ ata fún Ràfíátù pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tí mo gbé láti ilé, kí ara rẹ̀ lè le. Mo bo imú bo ẹnu sè é. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó dùn, ó rọra gbé e sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀rù ọbẹ̀ mi ń ba ọmọ tí mo fi ọbẹ̀ tọ́ dàgbà.

Ni mo bá jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù. Jean ṣílẹ̀kùn rẹ̀, ó wò mí, ó wọlé padà, ó sì gbé àwo ọbẹ̀ kan jáde. Ọkà báálì àti ewé àlùbọ́sà ló fi sè é, kò sí ata níbẹ̀, kò sí epo, iyọ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Mo jẹ gbogbo rẹ̀, torí ó gbóná, àti torí pé ó jókòó tì mí.

Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti wá ni ojú ti ń tì mí níwájú àwọn òyìnbó. Mo rò pé wọ́n á máa sọ láàárín ara wọn pé obìnrin dúdú yìí ló gbé àrùn wá láti Áfíríkà. Mo fa ìbòmú wálẹ̀ láti jẹun, Jean rí ètè mi. Kò sún sẹ́yìn. Ó fi ìka kan ètè tiẹ̀, níbì kan náà, ó sì rọra sọ ọ́ kó lè yé mi: òun náà ní i, láti kékeré, ìyá òun náà ní i.

Ojú òsì

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Àṣàbí kọ ọyàn. Ràfíátù fi sí i lẹ́nu, ó yíjú. Ó tún fi sí i, ó sunkún kan tó rọ̀, bí ẹni tí agbára rẹ̀ ń tán. Lùkúmáànù gbé e lọ síbi fèrèsé kí ó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì dúró gbagidi. Nǹkan kékeré kan wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì ọmọ náà, omi wà nínú rẹ̀, ó ń dán.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fi ẹnu kàn.

Ràfíátù ò wò mí. Wọ́n fi aṣọ wé ọmọ, a wọ ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Kò sẹ́ni tó ní ká dúró níbẹ̀. Wọ́n gba ọmọ, wọ́n fi owú gba omi ojú egbò náà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa fi abẹ́rẹ́ fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kòkòrò náà ti dé ọpọlọ. Wọn ò dúró de èsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn sí i lára láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé. Mo di ògiri mú.

Ràfíátù jáde, ojú rẹ̀ ti wú. Mo na ọwọ́ sí i.

"Màámi, ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò lè wo ojú yín lónìí."

Ó wọlé padà. Mo lọ jókòó síbi àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ka Fátíà, mo ń gbàgbé ibi tí mo dé, mo ń bẹ̀rẹ̀ padà. Òṣìṣẹ́ kan gbé búrẹ́dì tútù oníẹyin wá fún mi. Ó pè mí ní "hen". Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ohun tí dókítà sọ

Dókítà tó ń tọ́jú Àṣàbí, obìnrin kan tó gérun mọ́lẹ̀, wá bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú Lùkúmáànù. Kò dúró lé mi lórí. Ó lóṣòó síwájú mi, èmi àgbà lórí àga, òun nílẹ̀, ó ní kí n béèrè ohun tó bá wù mí. Lùkúmáànù ń túmọ̀.

Mo bi í bí nǹkan tó jẹ́ pé ètè ló ń gbé láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ṣe máa mọ ọ̀nà ọpọlọ ọmọ.

Ó ní kòkòrò náà kò ní ojú, kò mọ ọ̀nà kankan. Ara rẹ̀ ló kún fún àwọn nǹkan tó yọ síta. Lùkúmáànù wá ọ̀rọ̀ tì, ó ní, "Bí ẹ̀gún ara èèmọ́, Màmá, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ etí aṣọ." Dókítà ní àwọn ẹ̀gún náà kì í ṣe irú kan náà, oníkálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan á kọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ kan ara sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, kí kòkòrò má baà yọ̀ kúrò. Òmíràn á máa wá nǹkan kan pàtó tó máa dì mú. Tó bá ti rí i, á ta àwọn tó kù jí, èyí tó kẹ́yìn á wá fa awọ kòkòrò mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì títí méjèèjì á fi di ọ̀kan, bí ìgbà tí ẹ̀kán omi méjì bá pàdé lórí ewé kókò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì dà wọlé.

"Kí wá ni nǹkan tó ń dì mú yẹn?"

Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa ní ohun tí wọ́n fi ń di ara wọn mú, kí ẹran ara má baà tú. Ohun yẹn gan-an ni. Ó wà lára sẹ́ẹ̀lì ètè, ó wà lára iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ, ó wà ní àyíká ojú. Lára sẹ́ẹ̀lì mìíràn, irú èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan ọ̀tọ̀ ló wà, kòkòrò yìí mọ ìyẹn náà dì mú. Ó ní irú kòkòrò yìí pọ̀ nínú ìdílé wọn, pé ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé bó bá ti inú ẹ̀jẹ̀ jáde, ọ̀nà ọ̀fun ló máa ń yá a láti wọ̀, bó bá sì ti ọ̀fun jáde, ẹ̀jẹ̀ ló ń wá.

Ohun tí ara fi ń di ara mú, òun náà ni ikú fi ń wọlé. Mo ronú kan bí mo ṣe gbá ọmọ náà mọ́ àyà.

"Ṣé kò sí ohun tó lè bo àwọn ẹ̀gún yẹn mọ́lẹ̀ ni?"

Nígbà tí Lùkúmáànù túmọ̀ rẹ̀, dókítà wò mí dáadáa. Dípò kó dáhùn, òun náà béèrè: ṣé Ràfíátù ti ní irú egbò yìí rí ní kékeré?

Mo ní mi ò rántí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ìgándò. Gbogbo ẹnu rẹ̀ bó yánnayànna, erìgì rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná, kò lè jẹun. Ògì tó ti tutù ni mo ń fi ṣíbí kán sí i lọ́nà ọ̀fun. Inú ife mi ló máa ń mu omi nígbà yẹn. Bóyá èmi náà ni mo kó o ràn án.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀bi mi ti di méjì.

Dókítà ní, "Ìyẹn lè jẹ́ ìròyìn rere." Ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ti bá kòkòrò yìí jà rí máa ń ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó mọ àwọn ẹ̀gún náà, tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ wọn, tí wọ́n á bò wọ́n. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ó ń pín nínú ẹ̀ṣọ́ yẹn fún ọmọ inú rẹ̀. Ó ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó tó láti gba Àṣàbí sílẹ̀. Ó ní ó lè tó, ó sì lè má tó. Àwọn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ Ràfíátù wò.

Lùkúmáànù jókòó tì mí lẹ́yìn tí dókítà lọ. Ó ti pẹ́ tó ti jókòó tì mí kẹ́yìn. "Màmá," ó ní, "mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àìsàn yìí ṣe Ràfíátù bẹ́ẹ̀ yẹn ní kékeré."

"Mo rò pé á kú," ni mo wí.

Èsì

Ìgbà tí a fi dúró de èsì, mi ò lè ròyìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ ilé ìwòsàn kọjá ni mo ń dìde sí.

Ràfíátù ló wá sọ fún mi fúnra rẹ̀. Kòkòrò náà wà nínú egbò ẹ̀gbẹ́ ojú. Onímọ̀ ojú ti tan iná sí ẹyinjú, kò rí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá. Omi ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́, kò dé ọpọlọ. Wọ́n sì rí ẹ̀ṣọ́ yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ òun, Ràfíátù.

Ó dúró síwájú mi, ó wo búrẹ́dì tó ti gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Màámi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tó sọ fún mi níbẹ̀. Mo ní mi ò tíì jẹun. Ó lọ wá tíì gbígbóná, a sì jọ jókòó.

Oògùn yẹn pẹ́ lára Àṣàbí kí wọ́n tó yọ ọ́. Wọ́n ṣì fún wa ní oògùn olómi kan tí a ó máa fún un nílé fún oṣù mélòó kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀, mo bi dókítà bóyá kòkòrò náà ti kú tán. Kò parọ́ fún mi. Ó ní kò kú. Ó ti wọ inú iṣan ọmọ náà, ó ń sùn níbẹ̀, bó ṣe ń sùn nínú tèmi. Ó lè má jí láéláé, ó sì lè jí. Bí ojú òsì yẹn bá pọ́n nígbàkigbà, ká sáré gbé e wá.

Nígbà tí ètè mi ti gbẹ, tí awọ tuntun ti bò ó, Ràfíátù gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀, ó pè mí. Mo wẹ Àṣàbí níṣojú gbogbo wọn. Mo fà á lápá, mo fà á lẹ́sẹ̀, mo fi òrí ra á. Mo bo ẹnu mi ní gbogbo ìgbà náà.

Ìgándò

Mo ti padà sílé. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń wo ètè gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e wá. Àwọn kan ti ń sọ pé Ìyá Ràfíátù ti di òyìnbó, kì í gba ọmọ lọ́wọ́ èèyàn mọ́. Ẹ máa sọ ọ́. Ẹni tí ibà bá já sí lẹ́nu, kó má fi ẹnu kan ọmọ tuntun. Bó o bá ti fi kàn án kó tó yọ, sáré lọ sí ilé ìwòsàn, má dúró láti tijú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ràfíátù pè mí lórí fóònù, irú èyí tá a fi ń rí ojú ara wa. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ. Àṣàbí ti ń rá báyìí, eyín ti ń hù sí i. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni ojú òsì rẹ̀. Funfun rẹ̀ mọ́. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó rá wá, ó la ẹnu, ó sì gbé gbogbo ojú lé gíláàsì fóònù, tí mi ò fi rí nǹkan kan mọ́ ju ètè kékeré tó tutù lọ.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti na fóònù jìnnà sí ara mi, mo ti fi ọwọ́ kejì bo ẹnu mi.

Ràfíátù rí i.

"Ẹ gbé e sún mọ́ra, Màámi," ó ní. "Kò lè débí."

Mo gbé fóònù sún mọ́ra. Mi ò gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu.